Ìbéèrè Kan Náà, Ìránṣẹ́ Méjì

Bí a bá rán ọmọ méjì sí ọjà kan náà, tí a fún wọn ní iye owó kan náà, tí a ní kí wọ́n ra iyọ̀ kan náà lọ́wọ́ ìyá oníyọ̀ kan náà, tí ọ̀kan sì dé kí itọ́ tí a tu sílẹ̀ tó gbẹ, ṣùgbọ́n tí èkejì kò dé títí ilẹ̀ fi ṣú, kí la máa sọ? Ẹjọ́ náà kì í pẹ́ dá. A ó ní èyí tó pẹ́ ti dúró ṣeré lọ́nà ni. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún lè jẹ́ pé ìyá oníyọ̀ fúnra rẹ̀ ló na ọwọ́ sí igbá tó wà nítòsí fún ọmọ àkọ́kọ́, tó sì lọ ń tú gbogbo àpò inú ìsọ̀ wò fún ọmọ kejì.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lóṣù yìí nìyẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyọ̀. Ọ̀rọ̀ dátábéèsì ni, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí: orúkọ oníbàárà báńkì, káàdì aláìsàn, owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró níwájú káńtà rí, tí akọ̀wé wí fún un pé, "Ẹ ṣe sùúrù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa," ti bá ọ̀ràn náà pàdé. Lọ́pọ̀ ìgbà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò mọwọ́ mẹsẹ̀ rárá. Ohun tó sì ń rú àwọn ènìyàn lójú jù ni pé prógráàmù kan á béèrè nǹkan lọ́wọ́ dátábéèsì, ìdáhùn á dé lójú ẹsẹ̀. Prógráàmù mìíràn á béèrè nǹkan kan náà lọ́wọ́ dátábéèsì kan náà, á wá di ọ̀rọ̀ à-jókòó-retí. Àfi ká padà sẹ́yìn kó tó lè yé wa, nítorí ọjọ́ ọ̀ràn yìí ti pẹ́.

Láàárín ọdún 1960 sí 1969, ẹni tó bá fẹ́ mú nǹkan jáde nínú dátábéèsì ní láti mọ ọ̀nà dé ibẹ̀. Charles Bachman ti ṣe ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní IDS ní ilé iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà. IBM náà ṣe IMS, tí wọ́n kọ́kọ́ fi to àkọsílẹ̀ àwọn ohun èlò fún iṣẹ́ Apollo, iṣẹ́ tó gbé ènìyàn dé inú òṣùpá. Nínú àwọn méjèèjì, òǹkọ̀ prógráàmù ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé: bẹ̀rẹ̀ níbí, tẹ̀lé okùn yìí dé ọ̀hún, tún yà lọ síbẹ̀ yẹn. Bachman kò rí àbùkù kankan nínú èyí. Nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Turing lọ́dún 1973, atukọ̀ ojú omi ló fi òǹkọ̀ prógráàmù wé. Tèmi ni pé àpèjúwe náà bọ́ sójú ẹ̀, nítorí bí ọkọ̀ bá pẹ́ kó tó gúnlẹ̀, a mọ ẹni tí a ó bi.

Edgar Codd ni kò fara mọ́ ọn. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Codd, ó ti wa ọkọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kó tó bá IBM ṣiṣẹ́. Lóṣù kẹfà ọdún 1970, ó tẹ ìwé kan jáde tí kò gùn rárá. Ó ní kí wọ́n kó gbogbo àkọsílẹ̀ sínú àtẹ, tó ní ìlà tó sì ní òpó, kí ẹni tó ń béèrè sì sọ ohun tó ń fẹ́ nìkan, kó má dá sí bí wọn yóò ṣe wá a kàn. Ọ̀nà di iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, àmọ́ gbogbo ayé kọ́ ló gbà á. Lọ́dún 1974, Codd àti Bachman dojú kọ ara wọn níwájú àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ wọn ní Ann Arbor ní ìpínlẹ̀ Michigan. Ìtàn gbè sẹ́yìn Codd, òun náà sì gba ẹ̀bùn Turing lọ́dún 1981. Ó tọ́ sí i, èmi kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ọkàn sí ohun tí a fi ra ìrọ̀rùn náà: láti ọjọ́ yẹn lọ, ẹni tó ń béèrè kò mọ ọ̀nà tí ìránṣẹ́ rẹ̀ gbà mọ́.

Ní San Jose ní California, àwọn òṣìṣẹ́ IBM bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun tí Codd sọ. System R ni wọ́n pè é. Don Chamberlin àti Ray Boyce ṣe èdè ìbéèrè kan fún un lọ́dún 1974, wọ́n pè é ní SEQUEL. Ọdún yẹn gan-an ni Boyce kú, ọ̀dọ́mọkùnrin ni. Nígbà tó yá, wọ́n gé orúkọ náà kù sí SQL, nítorí ilé iṣẹ́ kan ní Bírítéènì ti ni orúkọ ti àkọ́kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ gan-an la dé yìí. Lọ́dún 1979, Patricia Selinger àti àwọn mẹ́rin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ tẹ ìwé jáde nípa bí System R ṣe ń yan ọ̀nà. Ẹ̀rọ á wo àwọn ọ̀nà tó ṣeé gbà, á dá owó lé ọ̀kọ̀ọ̀kan: ojú ewé mélòó ni n óò ṣí lórí díìsìkì, iṣẹ́ mélòó ló kù lẹ́yìn ìyẹn? Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni yóò gbà. Ó dà bí ìyá oníṣòwò tó jókòó ti owó ọkọ̀ àti owó alábàárù kó tó pinnu bóyá Kánò ni òun máa lọ tàbí Ìlọrin.

Àmọ́ kí ẹ̀rọ tó lè mọ iye tí ọ̀nà máa ná an, ó ní láti fojú díwọ̀n iye ìlà tí yóò bá níbẹ̀. Bí òpó kan bá ní atọ́ka, irú atọ́ka tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé, ẹ̀rọ á gbà pé gbogbo iye inú òpó náà pọ̀ dọ́gba dọ́gba. Bí kò bá ní atọ́ka, á mú ìdá kan nínú mẹ́wàá. Bí ìbéèrè bá sọ pé "èyí tó ju báyìí lọ," tí ẹ̀rọ kò sì tíì mọ iye tí "báyìí" jẹ́, á mú ìdá kan nínú mẹ́ta. Níbo ni wọ́n ti rí ìdá mẹ́ta? Orí ara wọn ni. Wọn kò sì fi pamọ́, ó wà nínú ìwé náà pé nọ́ńbà yẹn kò ní ìtumọ̀ pàtàkì kan.

System R sì ní ilẹ̀kùn méjì. Ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ lè fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ìbéèrè, pẹ̀lú iye tó ń wá nínú rẹ̀, kí wọ́n yan ọ̀nà fún un lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n prógráàmù tí wọ́n fi COBOL tàbí PL/I kọ ń gba ilẹ̀kùn kejì. Wọ́n ti yan ọ̀nà tirẹ̀ sílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ iye tí oníbàárà máa mú wá, wọ́n á sì tọ́jú ọ̀nà náà pamọ́. Ohun tó bójú mu ni, torí yíyan ọ̀nà fúnra rẹ̀ ń gba àkókò. Ṣé ẹ wá rí i? Láti 1979 ni ìbéèrè kan náà ti lè gba ọ̀nà méjì, bó bá gba ilẹ̀kùn méjì wọlé.

Nígbà yẹn, ìránṣẹ́ kò pọ̀. Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ló sọ wọ́n di ọ̀wààrà. Sybase, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní California lọ́dún 1984, mú dátábéèsì kan jáde lọ́dún 1987 tó jókòó sórí ẹ̀rọ tirẹ̀, tí prógráàmù sì wà lórí ẹ̀rọ mìíràn tó ń fi wáyà ránṣẹ́ sí i. Microsoft bá wọn dòwò pọ̀, SQL Server àkọ́kọ́ sì dé ọjà lọ́dún 1989. Lọ́dún 1992, ODBC dé, òfin kan tó jẹ́ kí prógráàmù kan lè bá dátábéèsì oríṣiríṣi sọ̀rọ̀. Lọ́dún 1997, èdè Java ní tirẹ̀, JDBC. Lẹ́yìn èyí, ta ni kò lè ránṣẹ́ sí dátábéèsì? Ẹ̀rọ orí káńtà, ìwé ìṣirò ọ̀gá, prógráàmù tó ń tẹ ìròyìn òpin oṣù, irinṣẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àṣà tirẹ̀ tó ń gbé wọlé pẹ̀lú ìbéèrè, tí ẹni tó ń lò ó kò sì rí.

Ọgbọ́n tí SQL Server ń lò ni pé nígbà tí ìbéèrè kan bá kọ́kọ́ dé, ẹ̀rọ á wo iye tí oníbàárà àkọ́kọ́ mú wá, á yan ọ̀nà tó bá iye yẹn mu, á sì tọ́jú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ẹ̀ ní ńṣe ni ẹ̀rọ ń fi imú gbóòórùn. Gbogbo ẹni tó bá tún mú ìbéèrè náà wá lẹ́yìn yẹn, ọ̀nà ẹni àkọ́kọ́ ló máa gbà. Bí àwọn oníbàárà bá jọra, ó dára gan-an ni. Bí wọn kò bá jọra ńkọ́?

Mo fojú ara mi rí èyí ní nǹkan bí ọdún 2009, ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tó ń ta oògùn lọ́pọ̀. N kò ní í dárúkọ wọn. Ìwé owó ni mo bá wọn yẹ̀ wò fún oṣù bíi mẹ́ta. Ilé ìwòsàn ńlá kan wà tó ń rajà lọ́wọ́ wọn lójoojúmọ́, rìsíìtì tirẹ̀ nínú dátábéèsì lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà irínwó. Àwọn oníbàárà kéékèèké sì wà tí rìsíìtì wọn kò ju mẹ́ta mẹ́rin lọ. Fún àwọn kéékèèké, ọ̀nà tó yá ni pé kí ẹ̀rọ wo atọ́ka, kó sì fo lọ síbi rìsíìtì kọ̀ọ̀kan. Fún ilé ìwòsàn yẹn, fífò ní ìgbà ọ̀kẹ́ àìmọye kò bọ́gbọ́n mu. Ó sàn kí ẹ̀rọ ka ìwé náà láti páálí dé páálí.

Akọ̀wé kan, obìnrin tó ti dé ogójì ọdún, ló ń bójú tó ìwé ilé ìwòsàn náà. Láwọn àárọ̀ kan, iṣẹ́ á yá. Láwọn àárọ̀ mìíràn, bó bá ti tẹ bọ́tìnì, á lè lọ fọ ife tíì rẹ̀ kó tó padà wá bá a. Awakọ̀ ilé ìwòsàn á máa ráhùn lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà fún un. Wọ́n pààrọ̀ wáyà. Ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ǹpútà wá jókòó sídìí irinṣẹ́ tirẹ̀, Management Studio, ó tẹ ìbéèrè náà, ìdáhùn já wálẹ̀ bí òjò.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó o. Dátábéèsì kan náà, ìbéèrè kan náà. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré! Kí lẹ wá ń ṣe níbẹ̀ látàárọ̀?"

Àǹtí ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wá jókòó sórí àga mi, kẹ́ ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá ò lọ. Lọ́jọ́ kẹta, Àǹtí gba kúẹ́rì. Ó ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe ìbéèrè ni àwa ní ọ́fíìsì Nàìjíríà ń pe lẹ́tà tó ń mú òṣìṣẹ́ làágùn. Ẹ̀rín ọjọ́ òní ni o. Lọ́jọ́ náà, obìnrin yìí kò rẹ́rìn-ín, ọmọ mẹ́ta ló ń san owó ilé ìwé fún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n gbà síṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀ ló tú okùn náà. Ohun tó kọ́kọ́ bi ọ̀gá rẹ̀ ni pé, "Sà, ṣé ó dá yín lójú pé ìbéèrè kan náà ni?" Ó wá ṣàlàyé. Irinṣẹ́ ọ̀gá ń gbé ètò kan wọlé tó ń jẹ́ ARITHABORT, ó ń ṣí i sílẹ̀. Prógráàmù Àǹtí, bíi ti ọ̀pọ̀ prógráàmù tí wọ́n fi irinṣẹ́ Microsoft kọ, ń tì í pa. Ètò yìí ń sọ ohun tí ẹ̀rọ yóò ṣe bí ìṣirò bá dàrú, irú bíi kí wọ́n fi òdo pín nọ́ńbà. Níbi tí a wà yìí, kò yí ohunkóhun padà nínú ìdáhùn. Ṣùgbọ́n SQL Server ń fi irú ètò bẹ́ẹ̀ kún àmì tó fi ń dá ọ̀nà tó tọ́jú mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ọ̀gá dé pẹ̀lú àmì tirẹ̀, ẹ̀rọ kò bá ọ̀nà kankan nílẹ̀ fún un, ó yan tuntun, ó sì gbóòórùn ilé ìwòsàn ńlá. Àǹtí ń lo ọ̀nà tí oníbàárà kékeré kan ti là sílẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ọmọkùnrin náà ti ètò yẹn pa lórí ẹ̀rọ ọ̀gá, ó tún ìbéèrè náà tẹ̀ bí prógráàmù ṣe ń tẹ̀ ẹ́ gan-an. Gbogbo wa dúró tì í. A dúró, a dúró. Ọ̀gá tú ìkọ́ táì rẹ̀.

Wọ́n fi ẹnu lásán sọ fún Àǹtí pé kó gbàgbé kúẹ́rì náà. Títí mo fi kúrò níbẹ̀, lẹ́tà náà ṣì wà nínú fáìlì rẹ̀, kò sẹ́ni tó kọ ìwé pé àwọn fà á padà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan níbí tó máa ń bí mi nínú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti rí i pé bí àwọn bá ṣí ARITHABORT nínú prógráàmù, iṣẹ́ á yá, wọ́n á wá máa fi ṣe oògùn. Kì í ṣe oògùn. Àmì ló yí padà, ẹ̀rọ wá yan ọ̀nà tuntun, bí ẹni tó yí orúkọ padà kí olówó má baà dá a mọ̀. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kékeré bá tún ṣíwájú wọlé, àìsàn náà ti padà dé nìyẹn. Bákan náà ni pípa ẹ̀rọ kí wọ́n tún un tàn: gbogbo ọ̀nà tó wà nínú ìrántí ẹ̀rọ á pòórá, ara á tù wá fún ọjọ́ díẹ̀. Erland Sommarskog, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ti kọ àlàyé gígùn lórí èyí, òun ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí gbẹ́kẹ̀ lé.

SQL Server nìkan kọ́. Oracle bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú wo iye oníbàárà àkọ́kọ́ láti ìran 9i lọ́dún 2001, irú wàhálà yẹn sì bá wọn títí 11g fi dé lọ́dún 2007 pẹ̀lú ọgbọ́n mìíràn. PostgreSQL yà díẹ̀ ní tirẹ̀. Láti ọdún 2012, bí prógráàmù bá ti to ìbéèrè sílẹ̀ láti máa tún lò, ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ á yan ọ̀nà fún iye tó dé; láti ìgbà kẹfà, ó lè yí sí ọ̀nà gbogbogbòò tí kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fọwọ́ tẹ ìbéèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní í rí i láéláé. Prógráàmù Java á sáré dáadáa, lójijì á bẹ̀rẹ̀ sí í fà bí ìgbín.

Nígbà mìíràn, ẹ̀wù tí iye náà wọ̀ ni. Prógráàmù tó ń fi JDBC bá SQL Server sọ̀rọ̀ máa ń fi gbogbo ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní irú lẹ́tà tó lè gba èdè gbogbo ayé, àfi bí a bá ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Bí òpó inú dátábéèsì bá jẹ́ ti lẹ́tà àtijọ́, ẹ̀rọ lè ní láti pààrọ̀ ẹ̀wù gbogbo ìlà kó tó lè fi wọ́n wéra, atọ́ka á sì di ohun tí kò wúlò mọ́.

Ti pé ìránṣẹ́ kan yá ju èkejì tún lè jẹ́ irọ́ pátápátá. Irinṣẹ́ onímọ̀ kì í sábà mú gbogbo ìdáhùn wá. SQL Developer ti Oracle ń kó 50 ìlà àkọ́kọ́, ó á dákẹ́, onílé á ní ó ti parí. Prógráàmù ní láti kó gbogbo rẹ̀. JDBC ti Oracle sì ń kó ìlà 10 lẹ́ẹ̀kan bí a kò bá yí i padà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ìlà 100,000 di ìrìn-àjò 10,000. Bí ẹ̀rọ bá wà nínú yàrá kan náà, ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n wáyà MainOne tó dé Èkó lọ́dún 2010 gùn tó nǹkan bí 7,000 kìlómítà láti ilẹ̀ Potogí. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà nínú gíláàsì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà àlọ àti àbọ̀ kan kò lè dín ní ìdá 70 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ fi ìyẹn lọ́po 10,000: ìṣẹ́jú 11 lé díẹ̀, orí omi nìkan ni wọ́n ti ná an. Níbí, bí akọ̀wé Èkó bá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó jàre. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wáyà bàjẹ́. Ẹni tó ní kí wọ́n máa fi ife pọn omi láti odò ló yẹ ká bi.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè ọ̀dọ́mọkùnrin Ìbàdàn yẹn fi ṣe pàtàkì lójú mi ju gbogbo irinṣẹ́ lọ. Ká tó wí pé ẹnì kan ń falẹ̀, ṣé iye kan náà ni àwọn méjèèjì mú wá? Ṣé inú ìbéèrè ni wọ́n kọ iye náà sí, àbí wọ́n fi ránṣẹ́ lọ́tọ̀? Ṣé ètò kan náà, ṣé orúkọ òǹlò kan náà, ṣé ìlà tí wọ́n kó pọ̀ tó ara wọn? Bí gbogbo ìyẹn bá dọ́gba, ká wá wo ọ̀nà tí ẹ̀rọ yàn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá pẹ́ dé ti pàdánù ẹ̀rí, nítorí ọ̀nà burúkú náà lè ti pòórá nínú ìrántí ẹ̀rọ. Lọ́dún 2016, SQL Server bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wọ́n sílẹ̀ nínú dátábéèsì fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àkókò tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbà, ohun tí wọ́n pè ní Query Store. Ká ní ó wà ní 2009 ni, Àǹtí ì bá ti rí ìwé gbé síwájú ọ̀gá rẹ̀.

Ìran ti ọdún 2022 tún ṣe ju ìyẹn lọ. Ó lè tọ́jú ju ọ̀nà kan lọ fún ìbéèrè kan ṣoṣo: ọ̀kan fún oníbàárà kékeré, ọ̀kan fún alábọ́ọ́dé, ọ̀kan fún ńlá. Ọdún 43 lẹ́yìn ìwé Selinger nìyẹn. Kì í sì í ṣiṣẹ́ àfi bí alábòójútó bá gbé dátábéèsì náà sí ipele 160, tó jẹ́ ti ìran yẹn. Àwọn ilé iṣẹ́ kan wà tó ti ra ẹ̀rọ tuntun, tí dátábéèsì wọn ṣì wà ní ipele àtijọ́, torí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án.